Lẹ́yìn Tí Ọmọ Bá Ka Àyọkà Tán, Kí Ló Kù?

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Kétu wá, ẹ̀yin ará Pọ̀bẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Sàbẹ gbéra láti àná, ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ẹ kú àlejò. Wọ́n ní kí n wá bá ẹ̀yin olùkọ́ èdè sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tó yẹ kí ọmọ ṣe lẹ́yìn tó bá ti ka nǹkan tán ní kíláàsì èdè àjèjì. Èmi, Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ CEG, ilé ìwé girama wa, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín, Faransé lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Faransé yẹn náà sì rèé, àjèjì ni fún ọmọ tó jẹ́ pé Ègùn àbí Yorùbá ló ń gbọ́ nílé láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Torí náà ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wa wá gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe ń lọ. Olùkọ́ á wọlé, á kọ àyọkà sí pátákó tàbí kó ní kí wọ́n ṣí ìwé, á kà á lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọ á kà á tẹ̀lé e, á ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ tó le, ó di "ẹ dáhùn ìbéèrè 1 sí 5 sínú káyé yín", aago á lù, gbogbo ẹ̀ á parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì àtúnṣe ìbéèrè 1 sí 5. Lọ́jọ́ kẹta àyọkà míì. Kò sẹ́ni tó ń padà sídìí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àfi tó bá dìgbà ìdánwò.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Iṣẹ́ tó bá jẹ́ pé ọmọ lè ṣe é parí láìpadà sínú àyọkà, ẹ má pè é ní iṣẹ́ àyọkà. Ó lè dùn o, àwọn ọmọ lè máa fi ẹ̀rín ṣe é, dìrẹ́kítọ̀ lè gba ojú fèrèsé wò kí inú ẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe kíkà. Èyí tó dáa ni èyí tó ń lé ọmọ padà sójú ìwé lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, tó sì jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ló fẹ́ padà torí pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tó ń wá.

Ẹ jẹ́ ká dán nǹkan kan wò báyìí. Ẹ gbọ́ gbólóhùn yìí dáadáa, èmi ni mo hun ún: "Àwọn ṣùngbé mẹ́ta kan rọ́pẹ̀ sínú yàgbò Àlàbí ní ìdájí, wọ́n sì féétú gbogbo ẹ̀ kó tó jí." Ó dáa. Ta ló rọ́pẹ̀? (Gbogbo ilé dáhùn pé àwọn ṣùngbé mẹ́ta.) Ibo ni wọ́n rọ́pẹ̀ sí? Inú yàgbò Àlàbí. Ìgbà wo? Ìdájí. Kí ni wọ́n ṣe sí i? Wọ́n féétú gbogbo ẹ̀. Ẹ gbà á, 20 nínú 20! Ṣùgbọ́n ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló lè sọ fún mi ohun tó ń jẹ́ ṣùngbé? Ta ló ti rọ́pẹ̀ rí nínú yín? Kò sẹ́nì kankan. Yorùbá lẹ gbọ́ látinú ìyá yín o, ẹ sì dáhùn gbogbo ìbéèrè, ẹ ò sì mọ nǹkan kan nínú ohun tẹ́ ẹ sọ. Ohun tí ọmọ sixième, ọdún kìíní ní CEG, ń ṣe nìyẹn tá a bá ní kó dáhùn ìbéèrè 1 sí 5 lórí àyọkà Gẹ̀ẹ́sì, ó ń wá ọ̀rọ̀ tó jọ ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè, ó rí i, ó da gbólóhùn yẹn kọ látòkèdélẹ̀, àwa náà fi bíìkì pupa sàmì sí i pé ó gbà á.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ìbéèrè tó sábà máa ń gbẹ̀yìn, ẹ mọ̀ ọ́n: "Ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn yìí kọ́ wa?" Háà. Ẹ mú káyé àwọn ọmọ yín, ẹ wò ó, ìtàn ìjàpá ni o, ìtàn bọ́ọ̀lù ni o, ìtàn ọmọ tó ṣubú sínú ọ̀sà ni o, ohun kan náà ni wọ́n ń kọ: ó kọ́ wa pé ká máa gbọ́rọ̀ sí òbí wa lẹ́nu. Ọmọ tí ò ka ìlà kan á kọ ọ́. Ọmọ tó sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin á jí, á kọ ọ́, á sì gba máàkì. Ẹ bá mi pa ìbéèrè yẹn tì, ó kéré tán fún ọdún kan, kẹ́ ẹ wò ó bóyá nǹkan kan á bàjẹ́.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má béèrè ìbéèrè mọ́. BEPC, ìdánwò àṣejáde CEG, ń bọ̀, wọ́n á béèrè níbẹ̀, ọmọ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn, ìyẹn ò yí padà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìbéèrè báwọ̀nyẹn, ìwọ̀n ni, ẹni tó ń wọn nǹkan ò tíì sè é. Ẹ wò ó, eléyìí tá a fẹ́ràn jù yẹn, ká yọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kúrò nínú àyọkà ká fi àlàfo sílẹ̀ kí ọmọ dí i, ará Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní Wilson Taylor ló gbé e jáde ní 1953, ìwé ló sì fi ń wọ̀n, kì í ṣe ọmọ, ó fẹ́ mọ bóyá ìwé kan le jù fún àwọn tó fẹ́ kà á. Àwa gbà á, a sọ ọ́ di pàṣán.

Ó yá, ká wá bọ́ sídìí iṣẹ́ gan-an. Màá pẹ́ díẹ̀ lórí àkọ́kọ́ torí pé òun ni mo fẹ́ràn jù, mi ò fi bò.

Mo ní àyọkà kan tí mo kọ fúnra mi fún kíláàsì cinquième, ọdún kejì ní CEG, kò ju 20 ìlà lọ, Gẹ̀ẹ́sì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo sì fi nọ́ńbà sí ìlà kọ̀ọ̀kan (ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa fi nọ́ńbà sí ìlà, kò gba owó kankan, ẹ̀ ń bọ̀ wá rí ìwúlò ẹ̀). Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ rán an láti ọjà Wàndó lọ sí Adjarra, ó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan àti báàgì kékeré kan tí owó aṣọ wà nínú ẹ̀. Ó gun zémidjan, ọ̀kadà akérò. Onízẹ́mì yẹn ló gba báàgì lọ́wọ́ ẹ̀ tó fi kọ́ ọwọ́ ọ̀kadà níwájú, ìlà kẹfà. Ìlà kẹsàn-án, wọ́n dé Adjarra, ọjọ́ ọjà ni, èrò kún, àwọn onílù ń dán ìlù tuntun wò. Àbẹ̀kẹ́ sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó sanwó, onízẹ́mì ṣáná, ó lọ. Ọmọ rántí báàgì, ó pariwo. Ìlà kẹrìnlá: ọkùnrin náà kò yíjú padà. Àbẹ̀kẹ́ sunkún délé. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, ìlà kẹtàdínlógún, onízẹ́mì yẹn kan ilẹ̀kùn, òun àti ìyàwó ẹ̀, wọ́n gbé báàgì dání. Owó pé. Ìtàn parí, mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tẹ́ ẹ bá fún wọn ní ìbéèrè 1 sí 5 lórí èyí, kí ni orúkọ ọmọ náà, kí ló wà nínú báàgì, ìṣẹ́jú márùn-ún, ó tán. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sí pátákó: ṣé onízẹ́mì yìí fẹ́ jí báàgì náà àbí kò fẹ́ jí i? Mo wá pín kíláàsì sọ́nà méjì láàárín méjì, ó di ilé ẹjọ́. Àwọn tọ̀tún ní ó fẹ́ jí i, àwọn tòsì ní kò fẹ́ jí i, àwọn márùn-ún jókòó síwájú bí adájọ́. Òfin kan ló wà: ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe nọ́ńbà ìlà tó ti rí ẹ̀rí ẹ̀. Tí kò bá ní ìlà, kó jókòó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá àgbà òṣìkà ni, nítorí náà àwọn adájọ́ ò gbọdọ̀ lanu títí apá méjèèjì á fi sọ tiwọn.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń rí. Tọ̀tún á kọ́kọ́ sáré mú ìlà kẹrìnlá, kò yíjú padà, olè ni! Tòsì á dákẹ́ díẹ̀, wọ́n á fi ojú wá ìwé, èyí gan-an ni ìgbà tí mo máa ń fẹ́ràn jù, orí gbogbo wọn á wà nílẹ̀, ika á máa lọ lórí ìlà, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kà á o. Nígbà kan, ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn pátápátá, tí mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀ rí, ló nawọ́. Ó ní ìlà kẹsàn-án, ìlù. Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ, ìlù ń dún, kò gbọ́. Kíláàsì ru. Tọ̀tún ní ó dáa, ìlà kẹfà ńkọ́, ta ló ní kó gba báàgì lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó ti ń gbèrò láti ilé ni. Tòsì ní ìlà kẹtàdínlógún, ó mú ìyàwó ẹ̀ dání wá, olè wo ló ń mú ìyàwó ẹ̀ wá dá ẹrù padà? Ọmọbìnrin kan ní tọ̀tún wá dìde, ó ní bóyá ìyàwó ẹ̀ ló fi agbára mú un wá! Ẹ̀rín pa wá. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe àkíyèsí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ yìí ti ka àyọkà yẹn ní àkàtúnkà ju bí èmi ì bá ṣe lè fi ipá mú wọn kà á lọ, wọ́n sì ti ń ka ohun tí kò sí nínú ìlà, ohun tó wà láàárín ìlà, ìyẹn gan-an la sì ń pè ní kíkà.

Kò sí ìdáhùn tó tọ̀nà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Tí ìtàn bá ti sọ gbogbo nǹkan tán, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀, nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe ilé ẹjọ́, ẹ wá ìtàn tó fi nǹkan pamọ́. Tí ìwé tí ìjọba fún yín bá tẹ́ pẹrẹsẹ jù, ẹ yọ ìpínrọ̀ tó gbẹ̀yìn kúrò, ẹ má fi hàn wọ́n lọ́jọ́ yẹn. Àwọn adájọ́ márùn-ún á kọ ìdájọ́ wọn sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn mẹ́fà, pẹ̀lú nọ́ńbà ìlà. Ìwé kan ṣoṣo lẹ máa gbà sílé.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni sísọ ọ́ padà. Gbogbo wa la mọ àlọ́, ẹni tó gbọ́ àlọ́ lálẹ́ àná, òun náà á pa á fún ẹlòmíì lálẹ́ òní, bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ ọ. Ní ilé ìwé, a kì í jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọmọ kan á dìde, á sọ ọ́ fún gbogbo kíláàsì, ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n ọ́n, 59 yòókù á máa wo ìta. Ọ̀nà kan wà tí Keith Maurice kọ́kọ́ gbé jáde ní 1983, tí Paul Nation tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní New Zealand wá kọ nípa ẹ̀ ní 1989, wọ́n ń pè é ní 4/3/2. Ọmọ á sọ ìtàn náà fún ọmọ kan fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, á yí sọ́dọ̀ ọmọ míì, á tún un sọ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, á yí sọ́dọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìṣẹ́jú méjì. Ìtàn kan náà. Nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kìíní ẹnu á máa kólòlò, ẹ̀ẹ̀kẹta ó ti ń ṣàn bí omi. Èmi fi tèmi kún un: láàárín ẹ̀ẹ̀kan sí èkejì, mo máa ń fún wọn ní ìṣẹ́jú kan kí wọ́n padà wo ìwé, kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n wá tì nígbà àkọ́kọ́. Ẹ máa rí i bí wọ́n ṣe máa ń ya ìwé mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Fún cinquième ìṣẹ́jú mẹ́rin pọ̀ jù, ẹ sọ ọ́ di 2, 1 àti ààbọ̀, 1. Ariwo á wà, ìyẹn ò ṣeé sá fún, ọgbọ̀n ẹnu ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kúkú lọ sọ fún olùkọ́ ìṣirò tó wà ní kíláàsì kejì kó má bínú. Àwọn báǹṣì wa wúwo, ẹ má gbé wọn, àwọn tó jókòó lápá ọ̀tún báǹṣì ni kó máa dìde bọ́ sí báǹṣì tó wà níwájú, àwọn apá òsì ò kúrò lójú kan.

Èyí tó tẹ̀lé e, wọ́n ń pín ìwé sí wẹ́wẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Elliot Aronson ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Austin, ní Texas, ní 1971, ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da àwọn ọmọ dúdú, ọmọ funfun àti àwọn ọmọ Mẹ́síkò pọ̀ sí ilé ìwé kan náà níbẹ̀, ìjà ò sì tán, ó wá rò ó pé tí oníkálùkù bá ní ẹ̀là kan lọ́wọ́ tí ẹnìkejì ò ní, wọ́n á gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ara wọn. Kì í ṣe ìdí kíkà èdè àjèjì ló fi ṣe é, ṣùgbọ́n ó wúlò fún wa gan-an. Ẹ̀yin ará Kétu, èyí tiyín ni: mo pín àyọkà kan nípa ìlú yín sí mẹ́rin. Ẹ̀là kan sọ nípa Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè ńlá yẹn àti yàrà tó yí ìlú ká. Ẹ̀là kejì sọ pé àwọn ọmọ ogun Dànhọmẹ̀ kó ìlú ní 1886, wọ́n sì kó àwọn èèyàn lọ. Ẹ̀là kẹta sọ nípa ogun tí Faransé bá Dànhọmẹ̀ jà, tí ọba Béhanzin fi juwọ́ sílẹ̀ ní 1894. Ẹ̀là kẹrin sọ bí àwọn ọmọ Kétu ṣe padà wá tún ilé kọ́. Ìbéèrè kan: kí ló jẹ́ kí wọ́n lè padà, kí ni ì bá ti dí wọn lọ́wọ́? Ẹ̀là kan ṣoṣo ò lè dáhùn ẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀là kẹrin kò mọ ẹni tó lé wọn, ẹni tó ní ẹ̀là kejì kò mọ̀ pé wọ́n padà. Wọ́n gbọ́dọ̀ bi ara wọn, ní Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì padà lọ yẹ ẹ̀là tiwọn wò torí pé ìbéèrè ẹlòmíì ti fi nǹkan hàn wọ́n tí wọn ò rí tẹ́lẹ̀. Fọ́tókópì ò tó? Ẹ fọwọ́ kọ ọ́, ẹ̀là mẹ́rin, ẹ lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ igun kíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ọmọ lọ síbẹ̀ lọ kà á, kó padà wá sọ ọ́ látorí. Ó tán.

Fún àyọkà tí kì í ṣe ìtàn, tó jẹ́ àlàyé, mo máa ń lo atọ́nà. Mọ́ṣáláṣí ńlá tó wà nílùú wa níbí, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n, èyí tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́, tó fi jọ ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Bàhíà láti iwájú. Àwọn àlejò òyìnbó ń ya fọ́tò ẹ̀ lójoojúmọ́. Ọmọ kan á ṣe atọ́nà, mẹ́rin á ṣe àlejò, àwọn àlejò á máa bi í ní ìbéèrè, ohun tó bá wà nínú àyọkà nìkan ni atọ́nà lè sọ. Tí wọ́n bá béèrè ohun tí kò sí níbẹ̀, á sọ pé àyọkà ò sọ ìyẹn. Gbólóhùn yẹn, àyọkà ò sọ ìyẹn, ó ṣòro fún àwọn ọmọ wa ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, torí pé wọ́n ti kọ́ wọn pé gbogbo ìbéèrè olùkọ́ ló ní ìdáhùn. Ọmọ tó bá ti lè fọkàn balẹ̀ sọ ọ́, ẹ mọ̀ pé ó ti ka gbogbo ẹ̀ dópin, kò sí bó ṣe lè mọ̀ pé nǹkan ò sí níbẹ̀ tí kò bá kà á tán.

Yíyàwòrán ńkọ́? Orin ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè, torí pé òun ni gbogbo ìdálẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi ṣáájú. "Ẹ ya àwòrán ìtàn yìí." Ọmọ á ya ilé kan, á ya oòrùn, á ya igi àgbọn. Ó rẹwà, kò kan àyọkà. Tó bá jẹ́ pé ẹ ní kó ya máàpù ọ̀nà tí Àbẹ̀kẹ́ gbà, kó sì kọ nọ́ńbà ìlà sí ibi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn yàtọ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó kà á, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí kò kà á, máàpù á tú àṣírí. Orin náà bẹ́ẹ̀. Ní Kétu àti ní gbogbo agbègbè yẹn, a ní ẹ̀fẹ̀, alẹ́ ọjọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí ọ̀ṣẹ̀fẹ̀ á jáde, tó ń fi orin sọ ohun tí onílé kan ṣe, ohun tí ìjọba ṣe, tó ń bú aláṣejù láìdárúkọ ẹ̀, àwọn ará ìlú á máa gbè é. UNESCO pàápàá ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ogún aráyé ní 2008. Mo ní kí àwọn ọmọ troisième, ọdún kẹrin ní CEG, kọ orin ẹ̀fẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì fún ẹnì kan nínú àyọkà, ìlà mẹ́jọ, wọn ò gbọdọ̀ dárúkọ onítọ̀hún, kí àwọn tó kù mọ ẹni náà látinú ohun tó ṣe. Kò sí bí o ṣe lè ṣe ẹ̀fẹ̀ fún ẹni tí o ò mọ ìwà ẹ̀. Àwọn ìlà kan tí wọ́n gbé jáde, ẹ ò ní gbàgbọ́ pé ọmọ tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì onígbólóhùn ẹyọ kan ló kọ wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n kan ọ̀rọ̀ èdè tí wọ́n fi ń jíròrò díẹ̀, mo mọ̀ pé ìjà wà níbẹ̀. Àwọn àgbà tó wà níbí rántí "signal", ohun ẹ̀sín tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ọmọ lọ́rùn tó bá sọ èdè ilé ẹ̀ ní ilé ìwé. A ti kọ́ ọ lọ́rùn tiwa, ká má tún wá fi kọ́ àwọn ọmọ lọ́rùn ní Gẹ̀ẹ́sì. Tí àwọn tọ̀tún bá ń múra ẹjọ́ wọn sílẹ̀, mo fún wọn ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n sọ Yorùbá, kí wọ́n sọ Ègùn, kí wọ́n sọ Faransé, ohun tó bá wù wọ́n. Èrò tó jinlẹ̀ kì í jáde ní èdè tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Ṣùgbọ́n tí ìṣẹ́jú márùn-ún bá ti pé, tí ẹjọ́ bá bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì nìkan, kódà kó jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin bíi ti ọmọ tó sọ ti ìlù yẹn. Ẹni tó bá ní kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ronú láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó máa gbọ́ ni ẹ̀dà ìwé.

Ó ku ohun kan, ó sì lè dà bíi pé mo fẹ́ wó gbogbo ilé tí mo ti kọ́ láàárọ̀ yìí. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ọmọ bá kà lẹ máa fi iṣẹ́ lé lórí. Ní erékùṣù Fiji, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Warwick Elley àti Francis Mangubhai kó ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì lọ sí àwọn ilé ìwé abúlé, nǹkan bíi 250 ìwé fún kíláàsì kan, ìwé tó dùn, tó ní àwòrán. Ní àwọn kíláàsì kan, olùkọ́ ń bá àwọn ọmọ kà á pọ̀, wọ́n ń jíròrò, wọ́n ń ṣeré ẹ̀. Ní àwọn kíláàsì míì, àwọn ọmọ kàn ń dákẹ́ kà á ni, lójoojúmọ́, fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Méjèèjì ló fi àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ sẹ́yìn jìnnà, ìlọsíwájú wọn nínú kíkà tó ìlọ́po méjì. Ṣé ẹ rí i? Kódà àwọn tó kàn dákẹ́ kàwé jàǹfààní. Nítorí náà tí ọmọ bá gbé ìwé kan lọ sílé, tó kà á lórí ẹní, tó gbé e padà, ẹ fi í sílẹ̀ o. Ẹ má ní kó kọ àkótán ẹ̀. Ẹ kàn lè bi í pé ṣé ó dùn. Iṣẹ́ tí mò ń sọ láti àárọ̀, ti àyọkà kíláàsì ni, èyí tá a jọ ń kà, èyí tó le díẹ̀ ju agbára wọn lọ. Wàhálà tiwa ni pé 250 ìwé fún kíláàsì kan, mi ò tíì rí ilé ìwé tó ní i níbí, àyọkà kan náà la fi ń jẹun ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà ẹ jẹ́ ká mọ bá a ṣe ń jẹ ẹ́.

Mo ti sọ̀rọ̀ pẹ́. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà nìyí, mo fi àwọn tó ṣe kókó síbí.

Màdáàmù kan láti Pọ̀bẹ́ ní kíláàsì CE1 ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lòun ń kọ́, àwọn ọmọ ò tíì lè kà dáadáa, ilé ẹjọ́ wo ni wọ́n fẹ́ ṣe? Mo ní kó fi ẹnu kà á fún wọn, kó ya àwòrán mẹ́rin sórí páálí, kó da wọ́n rú, kí àwọn ọmọ máa tò ó. Ṣùgbọ́n kó fi àwòrán karùn-ún kún un, èyí tí kò sí nínú ìtàn rárá. Ọmọ tó bá gbé e sọnù, kó sọ ìdí tó fi gbé e sọnù, ní Faransé tó bá ní. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti mú olùkọ́ ní irọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n mú yín.

Ẹnì kan ní ẹ̀ńspẹ́kítọ̀ máa wá wo káyé, kò ní rí ìbéèrè 1 sí 5, ó máa bínú. Mo ní kẹ́ ẹ kọ ìbéèrè ilé ẹjọ́ sí òkè ojú ewé, kí ọmọ kọ nọ́ńbà ìlà mẹ́ta tó fi gbè sí apá tiẹ̀, kó sì kọ gbólóhùn kan sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ńspẹ́kítọ̀ tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀, inú ẹ̀ á dùn. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n á rí i pé ojú ewé kún.

Èyí tó kẹ́yìn wá láti ọ̀dọ̀ múṣé kan tó ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta, ó ní gbogbo wọn lé ní 150 ọmọ, ìgbà wo lòun máa máàkì gbogbo èyí? Mo ní kò ní máàkì gbogbo ẹ̀. Kó mú ìdájọ́ àwọn adájọ́ nìkan sílé, ìwé kan fún kíláàsì kan, ìwé mẹ́ta ni gbogbo ẹ̀ jẹ́. Kó yẹ nọ́ńbà ìlà wò pé ohun tí wọ́n sọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, kó tún Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ṣe, kó gbé e padà wá sí pátákó lọ́jọ́ kejì, kí gbogbo kíláàsì dà á kọ. Àwọn tó pàdánù ẹjọ́ á fẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Kó jẹ́ kí wọ́n pè é, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ìlà.